Ọ̀rẹ́ Kì í Ṣe Ìjẹ Ẹnu Ìwọ̀

Ní àsìkò ìkórè kan ní Ìlaró, ìlú Ọ̀rọnà, nígbà tí a kóra jọ lẹ́yìn ìsìn láti gbọ́ bí a ó ṣe máa ran àwọn ajíhìnrere wa tí ó wà ní ìkọjá ẹnubodè lọ́wọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwàásù kan tí a pè láti Èkó dìde, ó tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, ó sì sọ gbólóhùn kan tí gbogbo wa fi ìwé àti kálámù gbà sílẹ̀ bí ẹni ń fi ìkòkò gba omi òjò: ó ní ní àdúgbò àwọn tálákà ní ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀rẹ́ ni ìjẹ, Ìhìnrere ni ìwọ̀, ọkàn ènìyàn ni ẹja, àti pé kí ẹni tí a bá rán lọ má ṣe fi àkókò ìjọ ṣòfò lórí ẹja tí kò bá gbé ìwọ̀ mì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí ó fa okùn rẹ̀ yọ nínú omi, kí ó sì jù ú síbòmíràn. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àti nítorí pé ẹni tí ó bá jókòó láàárín àwọn tí ń pàtẹ́wọ́, tí ó ká ọwọ́ tirẹ̀ sí àyà, wọn a máa wò ó bí ẹni tí inú ń run.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu oríṣìíríṣìí ènìyàn, ní Ìlaró, ní Ayétòrò, ní Ọjà-Ọ̀dán, lẹ́nu àwọn tí ń wọ aṣọ àlùfáà àti lẹ́nu àwọn tí ń wọ kóòtù, títí ó fi di òwe tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè ibi tí ó ti wá. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé òwe náà burú láti ìdí rẹ̀ wá. Kì í ṣe pé àwọn tí ń pa á jẹ́ ènìyàn búburú, nítorí púpọ̀ nínú wọn sàn jù mí lọ nínú àdúrà àti nínú ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi ọ̀rẹ́ ṣe ìjẹ kò ní ọ̀rẹ́ mọ́, ẹni tí kò bá sì ní ọ̀rẹ́ ní àdúgbò tí a rán an lọ, kò tíì dé ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ẹrẹ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹja náà, nítorí òun ni wọ́n fi ń dí wa lẹ́nu. Wọn a ní ṣebí apẹja ni Olúwa fúnra rẹ̀ pè létí òkun, tí ó sì ṣe ìlérí fún wọn pé láti ọjọ́ náà lọ, ènìyàn ni wọn yóò máa mú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọ̀n ni àwọn ará Gálílì ń dà, wọ́n a sì máa tún un ṣe ní gbangba níwájú ẹni gbogbo. Àwọ̀n kì í ní ìjẹ, kì í fi ìpápánu kékeré bo irin mímú mọ́lẹ̀ kí ẹni tí ebi ń pa lè rò pé oúnjẹ ni. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rántí tí a fi ìwọ̀ rán Pétérù lọ sí etí omi, owó-orí ni a ní kí ó lọ yọ lẹ́nu ẹja, kì í ṣe ọkàn ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, àwọn tí ó bá fẹ́ràn ìwọ̀ jù, kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ agbowó-orí ni wọ́n ń fi wé iṣẹ́ Olúwa.

Ibi tí ojú èmi ti là sí ọ̀ràn yìí ni Ladji. Ladji wà ní Kútọnu, ní etí ọ̀sà Nokoué; àwọn ará Tofin, tí wọ́n jẹ́ ìbátan àwọn Ègùn, ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ọkùnrin wọn a máa pẹja, obìnrin wọn a máa yan án, wọ́n a sì máa gbé e lọ sí ọjà ńlá Dantokpa. Orí òpó igi ni ọ̀pọ̀ ilé dúró sí, nígbà tí òjò bá sì dé tí ọ̀sà bá kún, omi a wọlé bá onílé láìkan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ òkèèrè ni a ń pè é, nítorí ìlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, ìlà tí ó mú Kétu fún Faransé tí ó sì fi Ìmẹ̀kọ, ọmọ Kétu, sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni pín obì láìbi olóbì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù ní Ìlaró, bí àwọn aṣọ́bodè Ìdírókò kò bá dá a dúró, Kútọnu ni yóò ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ ni ó kó wa lọ, ẹ̀bi náà sì kan èmi náà, nítorí èmi ni mo jókòó níwájú ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ọkọ̀ náà kún fún ìrẹsì, ọṣẹ àti aṣọ òkìríkà. Ìrẹsì yẹn ni kí ẹ bá mi rẹ́rìn-ín sí. Ta ni ó dàgbà ní ilẹ̀ Yewa tí kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìrẹsì tí ó wà lọ́jà wa, Kútọnu ni ọkọ̀ òkun ti já a sílẹ̀, kí àwọn onífàyàwọ́ tó fi alùpùpù gbé e gba ojú ọ̀nà igbó wọlé lóru? Òun náà ni a rà ní owó gọbọi, tí a tún dì, tí a kọ orúkọ ìjọ sí lára, tí a sì gbé padà sí ìlú tí ó ti wá, tí a ń pè é ní àánú. Nígbà tí a dé ọ̀hún, a to àwọn ènìyàn ní ìlà; bí ẹnìkan bá ti gba ìrẹsì, a ya á ní fọ́tò pẹ̀lú àpò rẹ̀, a ní kí ó tẹ̀ lé wa gba àdúrà kan, a sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ́jísítà, lábẹ́ àkọlé àwọn ọkàn tí a jèrè. Ní ìrọ̀lẹ́, a padà sílé pẹ̀lú orin.

Ní ọdún kejì, a tún lọ, a tún to ìlà, ẹni kẹta tí ó kàn sì jẹ́ ìyá arúgbó kan tí èéfín ààrò ẹja ti pọ́n lójú. Ó wò wá, ó wo rẹ́jísítà, ó sì sọ̀rọ̀ ní Yorùbá tí ohùn Ègùn gùn lórí, pé, “Ẹ̀yin ará Ìlaró, ẹ kú àbọ̀ o. Ṣé orúkọ tí ẹ kọ léṣìí ti sọnù ni?” Àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé wa tún orúkọ náà kọ, nítorí òfin ni òfin.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo lọ jókòó tì í, kì í ṣe nítorí Ìhìnrere, kí n má purọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹsẹ̀ ń ro mí, àpótí kan ṣoṣo tí kò sì ní ẹni lórí ni èyí tí ó wà lẹ́bàá ààrò rẹ̀. A sọ̀rọ̀ ẹja, a sọ̀rọ̀ ọmọ, a sọ̀rọ̀ bí owó náírà ṣe ń já wálẹ̀ lọ́wọ́ séfà. Nígbà tí ó ṣe, mo rí aṣọ funfun kan tí a sá sórí okùn lẹ́yìn ilé, mo sì bi í pé ti ta ni. Ó ní tòun ni. Ó ní láti ìgbà tí òun ti jẹ́ ọmọge ni òun ti ń wọ sùtánà, àti pé ní ọdọọdún, bí Kérésìmesì bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, Ìdírókò ni òun ń gbà kọjá, òun a gba Ìlaró, òun a gba Ayétòrò, títí dé Ìmẹ̀kọ. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ará mi: obìnrin tí a fi ọkọ̀ akẹ́rù wá kiri, tí a sì ti jèrè ọkàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé, ti ń gba iwájú ilé wa kọjá lọ gbàdúrà láti ìgbà tí àwọn míràn nínú wa kò tíì lè ka Bíbélì, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tí ó bi í léèrè, nítorí pé ẹni tí ó ń ju ìwọ̀ kì í bi ẹja léèrè ibi tí ó ń lọ.

Àwọn kan nínú àwọn ará wa yóò sọ pé onísùtánà kò tíì gbàlà, pé ìdí gan-an nìyẹn tí ó fi yẹ kí a kọ orúkọ rẹ̀. N kò ní bá wọn jiyàn èyí lónìí. Gbogbo ohun tí ó wà nínú ìjọ àwọn onísùtánà kọ́ ni mo fara mọ́, bàtà mi sì wù mí jù láti máa bọ́ ọ sílẹ̀ kí n tó rin ìrìn-àjò nínú sùtánà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n bá mi wo bí ìjọ náà, Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, ṣe rìn. Ní ọdún 1947, S. B. J. Oshoffa, káfíńtà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), wọ inú igbó lọ wá igi, ibẹ̀ ni ìpè sì ti bá a. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ó dá ìjọ náà sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1950 ni ìjọ náà dé Èkó, àwọn tí ó sì gbé e débẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ìgbìmọ̀ kankan rán: àwọn apẹja Ègùn ni, tí wọ́n ṣí láti apá Àjàṣẹ́ wá jẹun ní Màkókò, ní orí ọ̀sà, ní àdúgbò tí ọmọ Èkó tí ó rí jájẹ kì í fẹ́ kí a rí òun níbẹ̀. Ẹja ni wọ́n ń wá kiri, kì í ṣe ọkàn. Ẹni tí ó bá mọ ìgbésí ayé apẹja mọ̀ pé ènìyàn kan kò lè dá àwọ̀n ńlá fà. Àwọn tí wọ́n jọ fa àwọ̀n lóru ni wọ́n jọ ń pín ẹja láàárọ̀, àwọn náà ni wọ́n ń gbọ́ orin ara wọn láti inú ilé pákó kan sí èkejì. Láti inú ẹrẹ̀ Màkókò yẹn ni sùtánà funfun ti tàn ká Nàìjíríà, tí ó rékọjá òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Nígbà tí Oshoffa sì papò dà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, ilẹ̀ ẹnubodè tiwa yìí, Ìmẹ̀kọ, ni a sin ín sí. Ta ni ó ju ìwọ̀? Ta ni ó ka oṣù mẹ́ta?

Bí ẹnìkan bá sì ní ti Aláàdúrà nìyẹn, pé àwa tí àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tẹ̀ dó kò jọ wọ́n, kí ó bá mi padà sí Àgbádárìgì. Kí òyìnbó kankan tó gbé Bíbélì rìn ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, àwọn Sàró ti dé. Láti ọdún 1839 ni àwọn ẹrú tí a tú sílẹ̀ ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi padà wá sí etíkun wa, oníṣòwò ni púpọ̀ nínú wọn, ará ilé wọn ni wọ́n ń wá. Àwọn ni wọ́n sì ránṣẹ́ padà pé kí a fi olùkọ́ ránṣẹ́ sí àwọn. Míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Henry Townsend dé ní oṣù kejìlá. Ilé tí a ti gbá, tí a ti tẹ́ ẹní sí, ni àwọn méjèèjì wọ̀. Ìbátan àti ọ̀rẹ́ ni ó ṣáájú, àlùfáà ni ó tẹ̀ lé e.

Ní oṣù kìíní ọdún 1845, Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821, dé Àgbádárìgì pẹ̀lú Townsend àti míṣọ́nnárì mìíràn, Gollmer, wọ́n ń lọ sí Abẹ́òkúta. Wọn kò lè lọ. Ṣódẹkẹ́, baba Ẹ̀gbá, tí ó ti gba Townsend lálejò tẹ́lẹ̀, ti kú. Ogun tí Ẹ̀gbá sì gbé ti Adó, Adó-Odò tí a mọ̀ yìí, ti dí ọ̀nà pa. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi jókòó sí etí òkun. Bí ó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ ti òde òní ni, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni à bá ti kọ̀wé pé kí wọ́n fa okùn yọ nínú omi. Wọ́n dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni Crowther àti Townsend wọ Abẹ́òkúta, oṣù náà kò sì tíì parí tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Àfàlà fi gbọ́ pé ọmọ òun tí a kó lọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn wà láàyè, tí ó wá, tí òun àti Àjàyí sì wo ara wọn lójú láìlè sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848 ni a ri ìyá yìí bọmi, ó wà lára àwọn àkọ́so Abẹ́òkúta. Kí oníwàásù wa bá mi dìde, kí ó tún táì rẹ̀ ṣe, kí ó sì sọ fún mi ní ojúkojú pé ẹja ni ìyá Àjàyí.

Ẹnìkan wà nínú àwọn alátakò mi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo ju ti àwọn yòókù lọ, òun ni ẹni tí yóò wí pé: ìwọ Tíṣà, ìwọ tí o yó, ta ni ó fún ọ láṣẹ láti máa fi ẹ̀rín àti ìtàkùrọ̀sọ ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tí ebi ń pa? Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo gbà fún un, mo dọ̀bálẹ̀. N kò sọ pé kí a má ru ìrẹsì. Ta ni ó ní ọ̀rẹ́ tí ebi ń pa, tí yóò wá mú ọwọ́ òfìfo lọ kí i, tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́? Ohun tí mo ń bá jà ni ẹ̀bùn tí kì í ní ìpadàbọ̀. Àwọn baba wa wí pé ọwọ́ tí ń fúnni ní í lékè, àwa sì ti di òwe yìí mú gírígírí, nítorí pé ó wù wá láti lékè. Ṣùgbọ́n àwọn baba kan náà ni wọ́n wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí ó ń fún tálákà ní ẹ̀bùn lójoojúmọ́, tí kò jẹ́ kí tálákà fún òun ní ohunkóhun rí, ti fi ọwọ́ kan náà sọ fún un pé kò ní ohun tí ẹnikẹ́ni lè fẹ́. Mo ti rí àwọn ajíhìnrere tí wọ́n gbé oúnjẹ tiwọn nínú fúláàsì lọ sí Ladji, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú gíláàsì ní títì, nígbà tí ìyá arúgbó tí ń yan ẹja nì ti gbé àkàsà àti ẹja yíyan kalẹ̀ fún wọn níta. Kò sí ìwàásù tí ó lè tún èyí ṣe.

Àtakò ti akọ̀wé ìgbìmọ̀ míṣọ̀n wa yàtọ̀. Ẹni rere ni, kì í jẹ kọ́bọ̀ owó ìjọ, òun sì ni ó máa ń bi mí pé, “Tíṣà, báwo ni kí n ṣe kọ ọ̀rẹ́ sínú ìròyìn ọdún?” Mo máa ń dá a lóhùn pé kí ó kọ owó, kí ó kọ ọ́ dé orí kọ́bọ̀ tí ó kẹ́yìn, nítorí owó àwọn opó wà nínú rẹ̀; ṣùgbọ́n kí ó fi ènìyàn sílẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Dáfídì ọba ka àwọn ènìyàn Ísírẹ́lì, àjàkálẹ̀ àrùn ni ó fi gbà á. Bí ó bá sì jẹ́ pé àpótí ìkórè kò ní kún bí a kò bá ka iye ọkàn jáde lórí pẹpẹ, a jẹ́ pé àwa tí a wà ní Ìlaró ni ẹja, ìròyìn náà sì ni ìjẹ.

Ọkùnrin kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń lọ sí òkè òkun mọ ìtàn rẹ̀, ọmọ Kálábá ni, kì í ṣe Yorùbá, orúkọ rẹ̀ ni Daniels Ekarte. Nígbà èwe rẹ̀ ó ti wà ní àyíká míṣọ́nnárì Mary Slessor. Ó di òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òkun, ó sì bá ọkọ̀ dé Liverpool ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní. Toxteth ni ó ń gbé, ní àdúgbò tí àwọn atukọ̀ aláwọ̀ dúdú àti àwọn òyìnbó tí kò rí jájẹ jọ há mọ́ra. Ní ọdún 1931 ni ó ṣí ilé ìsìn tí ó pè ní African Churches Mission ní òpópónà Hill Street. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ọkàn níbẹ̀ yóò rí ìwọ̀nba. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, àwọn ọmọ tí ebi ń pa, dúdú àti funfun, a máa wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá sá wọ ọkọ̀ wá láti Áfíríkà, tí kò mọ ẹnìkan, ilẹ̀ ilé rẹ̀ ni yóò sùn sí. Ó bá àwọn oníléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun jà nítorí pé owó tí wọ́n ń san fún atukọ̀ dúdú kò tó ti funfun. Nígbà tí Ogun Kejì dé, tí àwọn sójà dúdú ará Amẹ́ríkà bí ọmọ fún àwọn ọmọbìnrin Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì padà lọ, tí ojú ti àwọn ìyá, tí àwọn ẹbí kọ̀ wọ́n, Ekarte gba àwọn ọmọ náà sínú ilé rẹ̀. Ní ọdún 1949 ìjọba ti ilé àwọn ọmọ náà pa, wọ́n sì kó wọn lọ. Ní ọdún 1964 a wó ilé ìsìn náà lulẹ̀. Ní ọdún náà ni Ekarte kú.

Ìtàn yẹn kò ní ìparí tí ó ṣeé kà lórí pẹpẹ ìkórè, mo mọ̀. Ilé wó, a kó ọmọ lọ, baba kú. Ṣùgbọ́n kí ẹ kíyè sí ohun kan: Ekarte kò lọ sí Toxteth láti ṣe àánú fún àwọn ará Toxteth. Ará Toxteth ni. Atukọ̀ ni òun náà, awọ ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń bú òun náà, otútù yẹn kan náà ni ó ń pa á. Ohun tí ó ń fi fún wọn, òun náà ti ṣe aláìní rẹ̀ rí ní òpópónà kan náà. Ẹni tí ó bá fi í wé apẹja kò mọ ohun tí ó ń sọ. Nínú omi ni òun náà wà.

Lónìí ilé ìsìn àwọn ọmọ wa pọ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ìwádìí tí Yunifásítì Roehampton ṣe, tí ó jáde ní ọdún 2013, rí ìjọ aláwọ̀ dúdú 240 ní Southwark nìkan, ìyẹn ní apá ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí Peckham wà. Mo bá wọn yọ̀. Àbúrò mi kan wà níbẹ̀ tí ó ti gbé inú ilé alájà kan náà fún ọdún mọ́kànlá. Ní gbogbo ọdún Àjíǹde ni ó ń ti ìwé ìkéde ìjọ rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn òyìnbó arúgbó tí ó kọjú sí i. Mo bi í lórí fóònù pé kí ni orúkọ bàbá náà. Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé owó inú fóònù mi ti tán.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ pa, kò sì sí ṣíṣí fún Ìdírókò títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Bí ìjọba ṣe ṣe é àti bí ó ṣe dùn wá tó ní ilẹ̀ Yewa, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni. Ohun tí ó kàn mí níbí ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ míṣọ̀n wa. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n fi ohùn kan sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kò lè kọjá, kò sí ìdí láti lọ. Ó bọ́gbọ́n mu. Bí ìjẹ bá tán, kí ni apẹja ń wá létí omi? Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta tí kò sí ìrẹsì yẹn, a kò tún gbọ́ orúkọ Ladji mọ́ nínú àdúrà ìjọ. Gbogbo ọkàn tí a ti kọ sínú rẹ́jísítà, tí díẹ̀ nínú wọn ti wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a fi wọ́n sílẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ bí ẹní láìfi ẹnubodè kankan sí i. Àwọn baba wa ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó wá di ọjọ́ ìpọ́njú kí ó yẹrí. Àwa yẹrí.

Èmi lọ. N kò ní sọ ọ̀nà tí mo gbà, nítorí àwọn aṣọ́bodè náà lè máa ka àròkọ. Ṣùgbọ́n mo gun ọ̀kadà, mo fi ẹsẹ̀ rìn, ní apá ọ̀hún mo gun sẹ́míjàn, ọ̀kadà tiwọn, ọwọ́ mi méjèèjì sì ṣófo, àfi àpò kékeré tí ìyàwó mi di ewé efinrin àti ẹ̀gúsí sí. Ìyá rí mi, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ọkọ̀ ń bọ̀. Nígbà tí ó rí i pé kò sí ọkọ̀, ó dìde kúrò nídìí ààrò, ó sì fi ìró ìdí rẹ̀ nu àpótí fún mi. Ó ti ń fún mi ní àpótí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò nù ún rí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà lọ́dọ̀ wọn. N kò wàásù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gbé mi wọ inú ọ̀sà, ó ń rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe di etí ọkọ̀ mú. Ní alẹ́ kẹta, mo sọ òwe oníwàásù Èkó yẹn fún ìyá, ìwọ̀, ìjẹ àti ẹja, mo ní kí ó gbà mí nímọ̀ràn. Ó yí ẹja tí ó wà lórí ààrò padà títí ó fi kan èyí tí ó kẹ́yìn. Ó ní, “Tíṣà, láti kékeré ni mo ti ń yan ẹja. N kò bá ìkankan ṣọ̀rẹ́ rí.”

Ní oṣù kejìlá tí ó kọjá, ó gba Ìlaró kọjá lọ sí Ìmẹ̀kọ, ó sì yà kí wa. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ wà nínú ilé lọ́dọ̀ mi, ó mú rẹ́jísítà lọ́wọ́, ìròyìn ọdún ni ó ń múra sílẹ̀. Ó rọra bi mí pé ṣé ọ̀kan nínú àwọn tiwa ti Ladji nìyí. Ìyá gbọ́; ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó ti jókòó, ó ń mu omi gbígbóná tí ìyàwó mi fún un. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó kọ ọ́ kedere, pé Tíṣà jẹ òun ní owó ẹja agbọ̀n méjì láti oṣù kẹjọ, kò sì tíì san án.